Bí mo ṣe tún abẹ́ bákóònì tó ń já lulẹ̀ ṣe

Kọnkéré abẹ́ bákóònì wa ní Lẹ́kí ń já lulẹ̀, irin inú rẹ̀ yọ síta, ó pọ́n bí epo. Bíríkìlà kan ní ká kàn rẹ́ ẹ pa. Rárá o! Irin tó bá dípẹtà máa ń wú, òun gan-an ló ń ti kọnkéré dànù. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun sì ń dá kún un.

Mo fi ọparun gbé e dúró, mo gbẹ́ gbogbo ibi tó ń dún kókó tí mo bá gbá a, títí dé ẹ̀yìn irin, mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà títí irin fi ń dán. Ọ̀pá irin kan ti tín-ín-rín jù. Mo so tuntun mọ́ ọn. Mo rin ín lómi, mo fi sìmẹ́ńtì tí mo fi omi pò kùn ún, kí ìyẹn tó gbẹ ni mo fi sìmẹ́ńtì 1 sí yanrìn 3 dí i. Yanrìn odò ni o, kì í ṣe ti òkun! Ọ̀sẹ̀ kan gbáko la fi ń wọ́n omi sí i.