Bí A Ṣe Ń Fi Oòrùn Sọ Omi Kànga Di Omi Mímu

Ẹni tó bá ti se iṣu iyán rí mọ omi tó máa ń rò sí abẹ́ ìdérí ìkòkò. Omi yẹn ti fi ìdọ̀tí sílẹ̀ nísàlẹ̀ kó tó gòkè. Iṣẹ́ tí àpótí onígíláàsì tá a fẹ́ kàn yìí ń ṣe nìyẹn, oòrùn ló ń dáná sí i. Lọ́dún 1872, wọ́n kọ́ irú rẹ̀ tó tóbi gan-an sí Las Salinas, nínú aṣálẹ̀ Atacama ní Chile, níbi tí omi ilẹ̀ ti jẹ́ oníyọ̀. Ó gbalẹ̀ tó nǹkan bí mítà onígun mẹ́rin 4,700, ó sì ń mú nǹkan bí lítà 22,000 jáde lóòjọ́.

Èkìtì kì í ṣe aṣálẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta abẹ́ ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí kànga púpọ̀ jìn, ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń gbẹ wọ́n. Bó bá jẹ́ kòkòrò àìsàn nìkan ló wà nínú omi yín, ẹ sè é, ó tó. Omi oníyọ̀ ni sísè kò ràn: bí omi ṣe ń dínkù lórí iná ni iyọ̀ ń ki sí i. Ẹ má retí omi ìwẹ̀ o. Àpótí mítà 1 sí mítà 1 á fún yín ní lítà 2 sí 3 lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ìyẹn omi mímu ẹnì kan.

Ẹ ní kí káfíńtà kan àpótí náà. Ẹ da iyẹ̀ pákó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5, kí ooru má bàa sá lọ sílẹ̀. Páànù ni kẹ́ ẹ tẹ́ lé e, kẹ́ ẹ ká etí rẹ̀ gòkè sára pákó, kẹ́ ẹ sì fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ẹ jẹ́ kó wà nínú oòrùn títí òórùn ọ̀dà á fi tán pátápátá. Láti orí páànù, kí pákó iwájú ga ní sẹ̀ǹtímítà 12, kí ti ẹ̀yìn ga ní 32. Bí gíláàsì kò bá dagun tó báyìí, ẹ̀kán omi á máa já padà sínú páànù dípò kó ṣàn wá síwájú. Ẹ kan gọ́tà alumíníọ̀mù mọ́ inú pákó iwájú, kó rọ díẹ̀ sí apá kan, kẹ́ ẹ fi rọ́bà gbé omi rẹ̀ lọ sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fi páìpù kékeré sí ara àpótí ní ìga sẹ̀ǹtímítà 2 sí páànù, kí omi tó bá pọ̀jù máa gbabẹ̀ jáde. Gíláàsì tó nípọn ní mìlímítà 4 la fi ń bò ó, sílíkóònù la sì fi ń lẹ etí rẹ̀ yí ká.

Kí iwájú rẹ̀ kọ sí gúúsù, torí apá ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà lásìkò ọyẹ́. Ẹ bu lítà 20 sí i láàárọ̀ kùtù. Ẹ má ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi tó jìn kì í tètè gbóná. Ẹ má sì yọ kẹ́ẹ̀gì nírọ̀lẹ́, torí omi ṣì ń kán lóru. Bí omi àkọ́kọ́ bá ń rùn, aṣọ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀.

Bí gíláàsì bá tutù rinrin tí kẹ́ẹ̀gì sì gbẹ, ooru lè máa jò. Ẹ fi ọwọ́ tọ etí rẹ̀ yí ká lọ́sàn-án. Ibi tí atẹ́gùn gbígbóná bá ti kàn yín ni kẹ́ ẹ tún fi sílíkóònù dí. Ẹ tún wo abẹ́ gíláàsì dáadáa. Bí omi bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ, ó dára. Bó bá ń ṣù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀rá ti kan gíláàsì: ọṣẹ ló fẹ́, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sì kan inú rẹ̀ mọ́. Eruku ọyẹ́ ńkọ́? Ẹ nu ìta rẹ̀ láràárọ̀.

Bí omi yín bá jẹ́ oníyọ̀, ẹ máa da ìlọ́po mẹ́ta omi tó jáde lánàá sínú rẹ̀, kí iyọ̀ lè máa gba páìpù jáde. Omi kànga tó ń rùn bíi pẹtiróòlù, ẹ má dán an wò, torí pẹtiróòlù náà máa ń bá ooru omi gòkè.

Tí òjò bá dé, ẹ kan gọ́tà mìíràn sí ìta, lábẹ́ etí gíláàsì. Òjò tó bá tó sẹ̀ǹtímítà 1 á fún yín ní lítà 10.