Ọwọ́ káfíńtà ló júwe ibi tí ẹ́síréè ò yà

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Káfíńtà kan já látorí òrùlé ní Aṣérò níbí, ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi rìn wọlé o, ẹ̀yìn ọ̀kadà ló jókòó sí débẹ̀, ọmọṣẹ́ ẹ̀ ń bá a di orí mú bí ẹni gbé ẹyin. Ó ní, "Dókítà, ọrùn ló kàn ń ro mí díẹ̀, ẹ fún mi lábẹ́rẹ́ kí n máa lọ." Abẹ́rẹ́ kẹ̀!

Mo ní kó dùbúlẹ̀ gbalaja, a de kọ́là mọ́ ọn lọ́rùn ná. Ṣé ó mu ọtí? Rárá. Ṣé ó dákú? Rárá, ojú ẹ̀ sì wálẹ̀ dáadáa. Mo wá ń fi ìka tẹ àwọn eegun ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láàárín gan-an, ìgbà tí mo dé ìsàlẹ̀ nítòsí èyí tó máa ń yọ síta yẹn ló ké "yéè!" Mi ò tiẹ̀ dán an wò pé kó yí ọrùn, ẹni tó já láti ibi tó ju mítà kan lọ, ó di dandan ká fi ẹ́síréè ya ọrùn ẹ̀.

Apá ló kàn. Ó ká ìgbọ̀nwọ́, kò sí wàhálà, ó gbé ọrùn ọwọ́ sókè, ó gbé e, àmọ́ ìgbà tí mo ní kó na apá kó fi tì mí sẹ́yìn, tòsì fẹ́ẹ̀ gbé mi ṣubú, tọ̀tún ò lágbára rárá. Ó ní ìka òun tó gùn jù ń ṣe bí ẹni pé aṣọ wé e. Mo fi hámà (tèmi o, kì í ṣe tiẹ̀) gbá ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀, apá òsì ta, tọ̀tún ò mira. Nẹ́ẹ̀fù C7 nìyẹn, okùn tó ń bá ọpọlọ jíṣẹ́ fún apá, àárín eegun ọrùn kẹfà àti keje (C6 àti C7) ló sì ti ń jáde. Mo kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹ́síréè pé ibẹ̀ ni kí wọ́n wò fún mi.

Fíìmù dé, eegun tò lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ní kò síṣòro. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, 1, 2, 3, títí dé 6, ó tán! Èjìká tó ti ń ru pákó láti kékeré ti bo C7 mọ́lẹ̀. Fíìmù ẹ̀gbẹ́ tí ò dé ibi tí C7 ti pàdé T1 (eegun ẹ̀yìn àkọ́kọ́ lábẹ́ ọrùn) ò tíì pé, kò sẹ́ni tó lè fi sọ pé ọrùn dáa. A rọra fa apá ẹ̀ méjèèjì sísàlẹ̀ ká tún un yà, ibì kan náà. Ló bá ku síìtì síkáànù, ẹ̀rọ tó ń ya inú ara ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìyàwó ẹ̀ sáré ṣa owó jọ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Síkáànù fi hàn pé C6 ti sún síwájú lórí C7, bí ìdá kan nínú mẹ́rin, oríkèé tó so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn, lọ́wọ́ ọ̀tún, ti fò kọjá èkejì ẹ̀. Mo ní fún un pé páànù tó yẹ kó gorí ìkejì ti bọ́ sábẹ́ ẹ̀. Ó yé e wàrà, ju bó ṣe yé ọmọṣẹ́ tèmi lọ. MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ya inú ara, ló kù, torí síkáànù ò fi díìsìkì (tìmùtìmù àárín eegun) àti okùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn hàn dáadáa, la bá kọ lẹ́tà sí àwọn oníṣẹ́ abẹ eegun.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú áḿbúláǹsì, páànù Aṣérò ló ń rò, ó ń bi ọmọṣẹ́ ẹ̀ bóyá ó bo àwọn pákó yẹn kí òjò tó dé.