Kí Ló Ń Pe Èèrà Wọlé? Ìtọ́sọ́nà fún Onílé àti Àgbẹ̀

Èèrà kan ṣoṣo tí ẹ rí tó ń rìn káàkiri lórí tábìlì ìdáná láàárọ̀, oúnjẹ ló ń wá. Tó bá kan ẹ̀kán oyin tàbí mílíìkì tó dà sílẹ̀, á mu ún yó, á wá máa fi ìdí kan ilẹ̀ bó ṣe ń padà lọ, kí òórùn rẹ̀ lè wà lójú ọ̀nà. Imú tiwa kò lè gbọ́ òórùn náà. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á tọ̀ ọ́, oníkálukú á fi tirẹ̀ kún un, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, wọ́n á ti tò gbọọrọ láti ojú fèrèsé dé ìdí agolo ṣúgà.

Ìdí nìyí tí gbígbá wọn dànù kì í fi í tó. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi nu ojú ọ̀nà wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó nù ún, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí wọ́n ti ń yọ: ihò wáyà iná, ibi tí ògiri ti sán, abẹ́ férémù ilẹ̀kùn, ẹ̀ka máńgòrò tó fara kan páànù. Ẹ gé ẹ̀ka náà, kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì dí ihò.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé ohun dídùn nìkan ni wọ́n ń bá wá. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn ọmọ wọn nínú ihò nílò ẹran kí wọ́n tó lè dàgbà, torí náà ni wọ́n ṣe ń ṣù bo edé, ẹja gbígbẹ, egungun inú abọ́ tí a kò tíì fọ̀, àti òróró tó ta sára sítóòfù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi ni wọ́n ń wá: ìdí amù, balùwẹ̀, abẹ́ fíríìjì. Tí òjò bá sì wá rọ̀ tí omi kún ihò wọn, wọ́n á gbé ẹyin funfun wọn sẹ́nu, wọ́n á kó wọ inú ògiri, nígbà mìíràn inú àpótí aṣọ pàápàá.

Ẹ da gààrí àti ṣúgà sínú ike tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa, pé kí a gbé ìkòkò ọbẹ̀ sínú abọ́ omi, ṣì dára gan-an. Ẹ kán ọṣẹ díẹ̀ sí omi náà kí èèrà má lè rìn lójú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀fọn.

Ní ti oògùn, ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára. Àwọn kan ń fín dichlorvos, oògùn apakòkòrò olómi, sí kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ, àní sára ẹ̀wà àti ẹja gbígbẹ. Májèlé ni, ó ń pa ènìyàn. NAFDAC fòfin de ìgò kékeré rẹ̀, ti 100ml, ní 2019. Àwọn èèrà tó wà lójú ọ̀nà nìkan ló sì máa pa, ìyá wọn wà nínú ihò tó ń yé ẹyin lọ. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Oògùn tó máa dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kì í tètè pa wọ́n, nítorí ẹnu sí ẹnu ni wọ́n fi ń bọ́ ara wọn. Ẹ ra boric acid, oògùn oníyẹ̀fun funfun kan, ní ilé ìtajà oògùn. Ẹ po ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú pọ̀ mọ́ ṣíbí ìjẹun mẹ́rin ṣúgà nínú omi 50cl. Ẹ rẹ òwú sínú rẹ̀, kí ẹ fi ọmọrí ìgò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà wọn, níbi tí ọwọ́ ọmọdé àti ẹnu ẹran ọ̀sìn kò ti lè tó o. Ẹ kọ “májèlé” sára ìgò tí ẹ bá da èyí tó kù sí. Èèrà á pọ̀ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má pa wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ.

Ìjàlọ yàtọ̀. Kì í jókòó síbì kan. Ó ń ṣọdẹ kọjá ni, á sì pa aáyán inú ilé yín kó tó lọ. Ohun tí kò lè sá ló wà nínú ewu. Ẹ tètè gbé ọmọ jòjòló jáde, ẹ tú ewúrẹ́ sílẹ̀, ẹ ṣí àgò òròmọdìyẹ.

Ẹ̀yin àgbẹ̀, tí ẹ bá rí èèrà tó ń gun igi kòkó tàbí igi ọsàn lọ, tó ń bọ̀, ẹ yẹ abẹ́ ewé àti ọrùn èso wò. Ẹ lè bá àwọn kòkòrò kéékèèké tó funfun bí òwú níbẹ̀. Omi dídùn tó ń jáde lára wọn ni èèrà ń mu, ó sì ń lé ọ̀tá wọn fún wọn. Àwọn kòkòrò yìí ló ń gbé àrùn tó ń mú ẹ̀ka kòkó wú láti igi kan dé òmíràn.

Ibì kan ṣì kù tí mo fẹ́ kí ẹ máa wò dáadáa: ibi tí ẹ ti ń tọ̀. Bí èèrà bá ń ṣù bo ìtọ̀ ẹnìkan nínú ilé, ó lè jẹ́ pé ṣúgà wà nínú rẹ̀, ẹ mú un lọ sí ọsibítù kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àtọ̀gbẹ. Bí èèrà kò bá sì wá, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tó ń dìde tọ̀ lóru léraléra, ẹ ṣì mú un lọ.