Ẹ wo ọjọ́ orí táyà kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ kí dídán táyà tàn yín jẹ. Táyà tí kò tíì fojú kan títì rí lè ti gbó sórí àtẹ, torí rọ́bà ń gbó bí a ò tilẹ̀ lò ó. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ yí táyà náà padà. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ ẹ́ sí. Èmi ò jẹ́ ra èyí tó ti lé lọ́dún mẹ́ta, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ti afẹ́fẹ́ ńkọ́? Nọ́ńbà ara táyà kọ́ lẹ máa tẹ̀lé o, ibi tí agbára táyà yẹn mọ ni. Èyí tó bá ọkọ̀ yín mu wà lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Kí ọkọ̀ tó rìn láàárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí bí táyà bá ti gbóná, ìwọ̀n á lọ sókè. Ẹ wọn ti inú búùtù náà, òun la máa ń gbàgbé jù.