Bí a ṣe ń gba ẹ̀dínwó lórí ọkọ̀ asáré tuntun
Ẹ̀yin ará wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré tuntun, ẹ kọ́kọ́ gba ìwé iye owó lọ́wọ́ oníṣòwò méjì tàbí mẹ́ta, lórí irú ọkọ̀ kan náà àti ẹ́ńjìnnì kan náà, kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀. Iye àpapọ̀ ni kí wọ́n kọ síbẹ̀, tòun ti owó orí ọjà 7.5%, owó nọ́ńbà àti owó gbígbé ọkọ̀ láti Èkó dé Àkúrẹ́, nítorí pé ẹni tó dín owó ọkọ̀ kù lè fi owó gbígbé ọkọ̀ gbà á padà. Ẹ wá fi ìwé ti ẹnìkan han ẹnìkejì. Olùtajà tó bá rí i pé ẹ lè lọ rà á níbòmíràn yóò fẹ́ dín tirẹ̀, pàápàá ní ìparí oṣù, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń lé iye ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n tà. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá náírà tàbí dọ́là ni wọ́n fi dá iye náà. Èyí ṣe kókó gan-an, torí pé dọ́là lè gbówó lórí kí ọkọ̀ tó dé. Àmọ́ ọ̀nà yìí kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe níwọ̀nba, tí àwọn ènìyàn ti tò dè.