Kí ọmọ fi ìlà ewì kín ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi l'Abẹ́òkúta, bí ẹ bá bi ọmọ kíláàsì kẹrin pé kí ni kókó ewì kan tó dárúkọ aró, tó bá ní "aró" ni, ẹ má bá a wí o. Aró ló kọ́kọ́ rí. Èmi kọ ìlà méjì irú ewì bẹ́ẹ̀ sójú pátákó (Ìtòkú ni ọjà àdìrẹ l'Abẹ́òkúta):

Ọwọ́ ìyá mi dúdú fún aró Ìtòkú,
Aṣọ ilé-ìwé mi funfun báláú.

Mo ní kí wọ́n fàlà sábẹ́ "dúdú" àti "funfun", kí wọ́n wá parí gbólóhùn yìí: "Akéwì ń sọ pé ìyá..., mo mọ̀ nítorí ó ní..." Ọ̀kan kọ ọ́ pé ìyá ń jìyà kí ọmọ lè mọ́. Inú mi dùn gan-an! Ibi "nítorí" yẹn ni kí ẹ ti ní sùúrù jù. Ẹni tí kò bá rí ọ̀rọ̀ fà yọ, ẹ jẹ́ kó tún ewì náà kà sókè.