Bí A Ṣe Ń Yí Orúkọ Mọ́tò Olóògbé Padà ní Nàìjíríà

Wọn kì í tíì sin olóògbé tán táwọn tó fẹ́ ra mọ́tò rẹ̀ fi ń dé. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ta ohun-ìní olóògbé láì gbàṣẹ ilé-ẹjọ́ lè rí ẹjọ́ rò, ẹni tó rà á náà ò sì ní rí ìwé tó dúró gbà.

Ẹ kó kọ́kọ́rọ́ àti ìwé mọ́tò sọ́dọ̀ ẹnìkan tí gbogbo ẹbí fọkàn tán: risíìtì, ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, Proof of Ownership (ìwé ẹ̀rí ẹni tó ni mọ́tò), láísẹ́ńsì, ìńṣọ́ránsì. Ẹ wo orúkọ tó wà lára wọn dáadáa, torí ibẹ̀ ni wàhálà pọ̀ sí jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ra àlòkù tí kò yí orúkọ padà, tó ń wà á kiri lórúkọ ẹni tó tà á fún un. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ tètè wá ẹni yẹn kàn kó wá fọwọ́ síwèé, kí òun náà tó di àwátì.

Ẹ lọ sídìí mọ́tò fúnra yín, kí ẹ da nọ́ńbà ṣáṣí, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò, kọ. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, ó wà lórí dáṣíbọọ̀dù lábẹ́ gíláàsì iwájú, tàbí lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Létà àti nọ́ńbà 17 ni lára mọ́tò òde òní, kì í sì í sí I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ohun tó bá jọ O, òdo ni. Bí akọ̀wé bá fi O sí ipò òdo nínú ìwé ilé-ẹjọ́, ọ́fíìsì láísẹ́ńsì lè dá yín padà nítorí létà kan ṣoṣo.

Ìwé ikú tí ilé ìwòsàn kọ nìkan kò tó. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn, National Population Commission, kí wọ́n fún yín ní ìwé ẹ̀rí ikú. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ẹ̀ka próbéètì, tó ń rí sí ohun-ìní olóògbé, ní ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀. Bí olóògbé bá ṣe ìwé ìhágún, àwọn tó yàn sínú rẹ̀ ló máa lọ gbàṣẹ. Bí kò bá ṣe é, mọ̀lẹ́bí ló máa gba Letter of Administration, ìwé àṣẹ láti bójú tó ohun-ìní olóògbé. Ẹ rí i pé mọ́tò náà wọ àkọsílẹ̀ ohun-ìní tí ẹ kó síwájú ilé-ẹjọ́: irú rẹ̀, ọdún rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáṣí. Iye tí ẹ bá kọ sí i ni owó ilé-ẹjọ́ máa tẹ̀ lé, nítorí náà, iye tó ń lọ lọ́jà ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tí olóògbé rà á.

Next of kin (ẹni tó sún mọ́ni jù) tí olóògbé kọ síbi iṣẹ́ kì í ṣe àrólé. Dáwódù náà kò lè torí pé òun ni àgbà fi orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé mọ́tò. Bí olóògbé bá sì ti fún ẹnìkan ní power of attorney (ìwé tó fi yan ẹni náà ṣe aṣojú rẹ̀), agbára ìwé náà ti pin lọ́jọ́ tí olóògbé kú.

Ẹ ò lè gé mọ́tò sí wẹ́wẹ́, ìbáà jẹ́ ìdí-igi (iye ìyàwó) tàbí orí-ò-jorí (iye ọmọ) lẹ fi ń pín ogún. Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò mọ́tò méjì tí kò mọra wọn dá iye lé e. Ẹni tó bá mú un, kí wọ́n yọ iye náà nínú ìpín rẹ̀, kí gbogbo àwọn tórúkọ wọn wà nínú ìwé àṣẹ sì fọwọ́ sí i.

Kí ìwé tó jáde, oṣù lè gorí oṣù. Ẹ yọ wáyà òdì lórí bátìrì, kí ẹ fẹ́ táyà dáadáa, kí ẹ sì máa yẹ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wò, torí eku fẹ́ràn wáyà.

Bí ẹ bá ń lọ sí ọ́fíìsì láísẹ́ńsì, ẹ̀dà ìwé àṣẹ tí ilé-ẹjọ́ lù ní òǹtẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìfohùnṣọ̀kan ẹbí, ìwé mọ́tò àtijọ́ àti káàdì ìdánimọ̀ ẹni tó máa gbà á dání. Ìńṣọ́ránsì olóògbé kò bá mọ́tò lọ: ẹni tuntun ní láti ra tirẹ̀. Láti 2023, ₦15,000 ni third party, ìńṣọ́ránsì fún jàǹbá tí mọ́tò bá ṣe fún ẹlòmíì, fún mọ́tò ilé. Kó má sì wa mọ́tò náà jáde títí ìyẹn á fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.